Bí Ẹ Ṣe Máa Fi Áńtíbọ́dì Wá PKM2 Nínú Sẹ́ẹ̀lì Jẹjẹrẹ, Kí Báńdì Má Tàn Yín Jẹ

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń ṣe iṣẹ́ jẹjẹrẹ ní lab, ọ̀rọ̀ PKM2, oríṣi kan lára ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ pyruvate kinase, ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ohun tí mo máa ń rí ni pé ẹnì kan á ra áńtíbọ́dì (púrótéènì tó ń dì mọ́ ohun kan pàtó tá à ń wá), á ṣe Western blot (ọ̀nà tá à ń gbà fi jẹ́ẹ̀lì to púrótéènì bí wọ́n ṣe wúwo sí, ká tó fi áńtíbọ́dì wá èyí tá a fẹ́), báńdì, ìyẹn ìlà tó ń fi púrótéènì hàn, á yọ níbi 58 kDa (kDa la fi ń ka bí púrótéènì ṣe wúwo tó) gẹ́lẹ́ bí ìwé tó bá áńtíbọ́dì wá ṣe sọ, inú ẹ̀ á dùn, fótò á ti bọ́ sínú PowerPoint kílẹ̀ tó ṣú, ó parí. Kò tíì parí o. Báńdì tó yọ níbi tó yẹ kó yọ ò tíì fi hàn pé PKM2 lẹ rí, màá ṣàlàyé ìdí ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn la máa wá gbà á ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, látorí ríra áńtíbọ́dì títí dórí kíkọ èsì sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tá à ń wá ná. Pyruvate kinase ni ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe iṣẹ́ tó gbẹ̀yìn nínú glycolysis, ìyẹn ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà fọ́ glucose: ó máa gba phosphate lára PEP (phosphoenolpyruvate), á gbé e fún ADP, ADP á di ATP tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe agbára, ohun tó kù á di pyruvate. Jínì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ PKM ló ń bí PKM1 àti PKM2. Tí sẹ́ẹ̀lì bá lo exon 9 (exon ni ègé kan lára jínì), PKM1 ló bí, tó bá lo exon 10, PKM2 ló bí. Ìbejì ni wọ́n lóòótọ́: amino acid (ègé kéékèèké tí wọ́n fi to púrótéènì) 531 ni ti ìkíní, 531 náà ni ti ìkejì, ìwọ̀n àwọn méjèèjì ò ju bíi 58 kDa lọ, amino acid 22 péré ni wọ́n fi yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá kó Táíwò àti Kẹ́hìndé sórí jẹ́ẹ̀lì, ibì kan náà ni wọ́n máa dúró sí. Ìdí nìyẹn tí kDa nìkan ò fi lè jẹ́rìí fún yín nínú ọ̀rọ̀ yìí, áńtíbọ́dì àti control yín, ìyẹn sample tẹ́ ẹ ti mọ ìdáhùn ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ló máa jẹ́rìí.

Kí ló wá kan jẹjẹrẹ? Láti 1920s ni Otto Warburg ní Jámánì ti rí i pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa ń gbé glucose mì kàbìtì-kàbìtì, ó sì máa ń sọ ọ́ di lactate kódà nígbà tí oxygen wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Nígbà tó di 2008, Heather Christofk àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Harvard yọ PKM2 kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n fi PKM1 rọ́pò ẹ̀, agbára tí sẹ́ẹ̀lì náà ní láti hù lára èkúté sì dínkù. Látìgbà yẹn ni gbogbo ayé ti ń wá PKM2 kiri. Àmọ́ ní 2013, William Israelsen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní MIT gé exon 10 kúrò lára èkúté tí wọ́n fi ń kọ́ nípa jẹjẹrẹ ọyàn, jẹjẹrẹ náà ṣì hù, ó tiẹ̀ tún yára sí i. Nítorí náà ọ̀rọ̀ PKM2 ò tíì tán nílẹ̀, èyí ló sì jẹ́ kó ká mi lára pé ká máa wọn ọ̀kan ká máa pè é ní ìkejì, torí èsì tí ò dájú ló máa ń mú kí àríyànjiyàn pẹ́.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ra èyí tó mọ ìbejì kan yàtọ̀ sí ìkejì

Oríṣi méjì ló wà lọ́jà. Ọ̀kan máa ń dì mọ́ PKM1 àti PKM2 pa pọ̀, ìkejì PKM2 nìkan ló mọ̀. Orúkọ tí wọ́n kọ sára ìgò ò tó o, ẹ ṣí datasheet, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ immunogen sí, ìyẹn ègé púrótéènì tí wọ́n fún ẹranko kó lè ṣe áńtíbọ́dì náà. Tó bá jẹ́ pé àárín amino acid bíi 380 sí 435 ni wọ́n ti mú un, tí wọ́n sì sọ pé ti exon 10 ni, ó dáa. Tó bá jẹ́ pé iwájú púrótéènì ni wọ́n ti mú un, tàbí gbogbo púrótéènì lódindi ni wọ́n lò, kò dájú pé áńtíbọ́dì yẹn á mọ Táíwò yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé, bó ti wù kí báńdì ẹ̀ mọ́ tó.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wò ó bóyá monoclonal ni tàbí polyclonal. Köhler àti Milstein ló kọ́kọ́ ṣe monoclonal ní Cambridge ní 1975, àǹfààní ẹ̀ sì ni pé ìdílé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló ń ṣe é, èyí tẹ́ ẹ rà lọ́dún yìí àti èyí tẹ́ ẹ máa rà lọ́dún tó ń bọ̀ ò ní yàtọ̀ síra. Polyclonal ní tiẹ̀, inú ẹ̀jẹ̀ ẹranko ni wọ́n ti ń fà á, tí ẹranko yẹn bá ti lọ, lot tuntun (ìpín míì tí wọ́n ṣe) lè ṣe bó ṣe wù ú. Èmi ò ní ra polyclonal fún PKM2 tí mo bá rí monoclonal rà. Èyí tẹ́ ẹ máa rí nínú ọ̀pọ̀ pépà ni monoclonal ti ehoro tí orúkọ clone ẹ̀ (ìdílé sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe é) ń jẹ́ D78A4, àmọ́ ohun tó ṣe kókó ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe òkìkí.

Tó bá jẹ́ ara èkúté lẹ ti fẹ́ mú tumour, ẹ má ra áńtíbọ́dì tí wọ́n fi èkúté ṣe. Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ẹran yẹn ní áńtíbọ́dì èkúté fúnra ẹ̀, secondary anti-mouse yín (áńtíbọ́dì kejì tó ń di áńtíbọ́dì èkúté mú kí báńdì lè hàn) á lọ gbá a mú, heavy chain ẹ̀ (ègé ńlá inú áńtíbọ́dì) á sì yọ níbi 50 kDa, ní ẹ̀bá ibi tí PKM2 wà gan-an. Ti ehoro ni kẹ́ ẹ rà, wàhálà á dínkù.

Ohun kan tó kù: kí wọ́n ti kọ ọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ fún Western. Áńtíbọ́dì tó mọ púrótéènì nígbà tí SDS (ọṣẹ tá à ń lò fún jẹ́ẹ̀lì) ti nà án tán lè má mọ̀ ọ́n nígbà tó ká jọ bó ṣe wà nínú sẹ́ẹ̀lì, òdìkejì ẹ̀ náà sì ń ṣẹlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ to control yín kẹ́ ẹ tó to sample

Ibí gan-an ni gbogbo iṣẹ́ wà, ẹ má kánjú kọjá ẹ̀.

Control tó máa sọ bẹ́ẹ̀ni ni lysate (omi tá a rí tá a bá fọ́ sẹ́ẹ̀lì) HeLa, A549 tàbí HCT116, àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí wọ́n ń gbìn ní lab, PKM2 pọ̀ nínú gbogbo wọn. Control tó máa sọ bẹ́ẹ̀kọ́ ni ẹran itan èkúté tó ti dàgbà, torí PKM1 ló gba gbogbo inú iṣan tó ń gbé egungun, PKM2 ibẹ̀ kéré gan-an, ìwọ̀nba tẹ́ ẹ lè rí níbẹ̀ á wá látinú òpó ẹ̀jẹ̀ àtàwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn tó wà láàárín iṣan. Ẹ ò rí i pé kò gba owó rẹpẹtẹ? Ilé ẹranko tí department yín ní ti tó, ẹni tó bá ń fi èkúté ṣiṣẹ́ tó sì fẹ́ da òkú ẹ̀ nù, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fún yín ní itan ẹ̀, kẹ́ ẹ yára gbé e sórí yìnyín. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé àwọn ò ní owó siRNA (RNA kékeré tó ń dín iṣẹ́ jínì kù) nítorí náà àwọn ò lè ṣe control, ẹran itan wà ńlẹ̀ o.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, tí well ẹran itan (ihò orí jẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ dà á sí) bá ṣófo, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kì í ṣe pé lysate yẹn ti bàjẹ́? Ẹ ṣe blot kejì pẹ̀lú áńtíbọ́dì tó mọ PKM1 àti PKM2 pọ̀. Tí báńdì ńlá bá yọ nínú ẹran itan lórí blot yẹn, tí kò sì yọ lórí blot ti PKM2, a jẹ́ pé áńtíbọ́dì yín mọṣẹ́ ẹ̀ níṣẹ́. Àwọn blot méjì yìí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni ẹ̀rí tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ PKM2, ẹni tó bá ti wò ó ò ní béèrè ìbéèrè mìíràn.

Tí owó bá wà, ẹ fi siRNA tó ń bá exon 10 jà kún un. Ẹ fún un ní wákàtí 72, torí PKM2 kì í tètè kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì. Kinní kan wà tí àwọn èèyàn kì í rò: tí wọ́n bá gé exon 10 kúrò nínú jínì, sẹ́ẹ̀lì lè bẹ̀rẹ̀ sí í lo exon 9, PKM1 á sì gba ipò. Tó bá jẹ́ áńtíbọ́dì tó ń mọ méjèèjì lẹ fi wò ó, báńdì á ṣì wà níbẹ̀ digbí, ẹ ó rò pé knockout (gígé tẹ́ ẹ gé jínì) ò ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ó ṣiṣẹ́.

Ẹ tún gé ègé membrane (bébà tí púrótéènì ń bọ́ sí látorí jẹ́ẹ̀lì) kan tó jẹ́ pé secondary nìkan ló máa rí, láìsí primary, ìyẹn áńtíbọ́dì tó ń wá PKM2 fúnra ẹ̀. Ohunkóhun tó bá yọ lórí ẹ̀, ti secondary ni.

Kì í ṣe èmi ni mo dá gbogbo èyí sílẹ̀ o. Ní 2016, àwọn onímọ̀ kan láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè kó ara wọn jọ, wọ́n sì la ọ̀nà márùn-ún sílẹ̀ nínú Nature Methods téèyàn lè fi dán áńtíbọ́dì wò: kẹ́ ẹ yọ jínì ẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dín in kù, kẹ́ ẹ fi ọ̀nà mìíràn tí kò ní áńtíbọ́dì nínú wọn ohun kan náà, kẹ́ ẹ lo áńtíbọ́dì kejì tó ń di ibòmíì mú, kẹ́ ẹ lẹ tag mọ́ púrótéènì náà, tàbí kẹ́ ẹ fi áńtíbọ́dì fà á jáde kí mass spectrometry (ẹ̀rọ tó ń wọn ègé púrótéènì) sọ ohun tó jẹ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Bí áńtíbọ́dì bá ti dé

Ọjọ́ tó bá dé ni kẹ́ ẹ ṣí i. Ẹrù máa ń pẹ́ ní airport, yìnyín á sì ti yọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún o, áńtíbọ́dì tí glycerol 50% wà nínú ẹ̀ máa ń fara da ọjọ́ díẹ̀ láìsí yìnyín. Ẹ kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé bó ṣe dé nìyí, kẹ́ ẹ sì fi HeLa dán an wò kẹ́ ẹ tó fi sample tó ṣe pàtàkì sí i.

Èyí tó ní glycerol kì í dì ní -20, ẹ má wulẹ̀ pín in sínú tube kéékèèké, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ sí. Èyí tó jẹ́ PBS (omi iyọ̀) lásán ni kẹ́ ẹ pín sí wẹ́wẹ́, torí dídì àti yíyọ́ léraléra ló ń pa á. Ẹ má gbé èyíkéyìí sínú fíríìsà tó ń yọ́ yìnyín ara ẹ̀ kúrò fúnra ẹ̀, torí ńṣe ló máa ń móoru tó sì tún máa ń tutù. Níbi tí iná ò ti dúró, ẹ fi ice pack yí àpótí áńtíbọ́dì ká ní àárín fíríìsà, kẹ́ ẹ sì má jẹ́ kí ilẹ̀kùn ẹ̀ máa ṣí gbayawu. Ẹ má vortex ẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ má fi ẹ̀rọ gbọ̀n ọ́n. Ẹ yí tube lọ́wọ́ jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ spin in (fi centrifuge yí i) ráńpẹ́ kí èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdérí lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹ kọ lot number sínú ìwé yín lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ṣe lysate

Ohun tẹ́ ẹ máa lò ni RIPA, omi tó ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì: Tris 50 mM, NaCl 150 mM, NP-40 1%, sodium deoxycholate 0.5%, SDS 0.1%. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó lẹ tó máa fi protease inhibitor (ohun tí kì í jẹ́ kí púrótéènì já) sí i. Tó bá jẹ́ PMSF lẹ ní, òun ló gbẹ̀yìn, torí kì í pẹ́ nínú omi kó tó bàjẹ́.

Ẹ fi PBS tútù ṣan sẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ fa PBS náà gbẹ dáadáa, torí èyí tó bá kù ńbẹ̀ á bomi la RIPA yín. Ẹ da RIPA tútù sí i, ẹ ha sẹ́ẹ̀lì jọ, ẹ gbé e sórí yìnyín fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Tó bá jẹ́ ẹran tumour, ègé kékeré bíi 20 sí 30 mg nínú RIPA 300 µL ti tó, ẹ gé e wẹ́wẹ́ lórí yìnyín kẹ́ ẹ tó lọ̀ ọ́. Ẹ spin in ní 14,000 g fún ìṣẹ́jú 15 ní 4°C, omi tó wà lókè lẹ ń fẹ́. Inú cytosol ni PKM2 pọ̀ sí jù, kì í ṣòro kó tú jáde. Tí lysate yín bá ń fà bí ewédú, DNA nìyẹn, ẹ fi abẹ́rẹ́ fà á wọlé fà á jáde títí táá fi já.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wọn púrótéènì

BCA, ọ̀nà tí wọ́n fi ń wo àwọ̀ láti mọ iye púrótéènì, ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ kà á ní 562 nm. Bradford, ọ̀nà míì tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ò bá detergent inú RIPA ṣe, nọ́ńbà tó máa fún yín ò ní ṣeé gbára lé. Kẹ́ ẹ tó fi sample buffer sí i ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, torí DTT àti mercaptoethanol máa ń da BCA rú.

Ìgbésẹ̀ 6: Jẹ́ẹ̀lì

Jẹ́ẹ̀lì 10% ló dáa fún ìwọ̀n yìí. Ẹ fi Laemmli buffer (sample buffer yẹn náà ni) tó ní DTT tàbí mercaptoethanol pò ó, ẹ sè é ní 95°C fún ìṣẹ́jú 5. Acrylamide tí kò tíì dì máa ń ba iṣan ìmọ̀lára (nerve) jẹ́ o, ẹ wọ gloves, ẹ má dá ara yín lójú.

Èyí tí wọ́n máa ń ṣe jù ni kí wọ́n kàn da 30 µg sí well torí bẹ́ẹ̀ ló wà nínú protocol tí wọ́n bá ní lab. PKM2 pọ̀ púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, 30 µg ti pọ̀ jù fún un nígbà míì, báńdì á kún, gbogbo well á wá rí bákan náà, ẹni tí PKM2 ẹ̀ ti di ìlọ́po méjì àti ẹni tí tiẹ̀ ò yí padà á jọra. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ fi HeLa kan náà sí well mẹ́rin: 2.5, 5, 10, 20 µg. Ẹ wo ibi tí báńdì ti ń lé sí i bí µg ṣe ń lé sí i, àárín ibẹ̀ lẹ máa ṣiṣẹ́. Ó sábà máa ń jẹ́ bíi 10.

Ẹ fi 80 V sún un títí táá fi jáde nínú stacking gel, kẹ́ ẹ wá gbé e sí 120 V. Ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ búlúù jáde tán nísàlẹ̀ jẹ́ẹ̀lì.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ gbé e sórí membrane

PVDF, irú membrane kan, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ methanol fún bí ìṣẹ́jú kan, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ omi ò ní wọ̀ ọ́. Transfer buffer ni Tris 25 mM, glycine 192 mM, methanol 20%. Jẹ́ẹ̀lì á wà lápá ibi negative, membrane lápá positive, torí SDS ti jẹ́ kí gbogbo púrótéènì gbé iná negative. Ẹ fi roller lé gbogbo afẹ́fẹ́ tó há sáàárín wọn jáde, ibi tí afẹ́fẹ́ bá wà, ibẹ̀ á ṣófo rúbútú. 100 V fún wákàtí kan, kẹ́ ẹ gbé àpótí náà sínú yìnyín.

Wákàtí kan yìí ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ jù. Tí NEPA bá mú iná láàárín, ẹ má ṣí i, tí inverter tàbí jẹnẹrétọ̀ bá gbé e láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa bá ibi tó dé lọ, kẹ́ ẹ wá fi ìṣẹ́jú tó sọnù kún un. Tó bá pẹ́ ju ìyẹn lọ, Ponceau S (àwọ̀ pupa tó ń fi púrótéènì hàn) lẹ máa fi mọ ipò tó wà.

Ponceau yìí, ẹ má fò ó, iná wà o àbí kò sí. Ẹ dà á sórí membrane fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fi omi ṣàn án, gbogbo púrótéènì á yọ pupa. Ẹ ya fótò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́ kúrò. Fótò yẹn gan-an ni loading control (ẹ̀rí pé iye púrótéènì kan náà ló wà nínú gbogbo well) tó dá mi lójú jù nínú iṣẹ́ yìí, ẹ ó rí ìdí ẹ̀ láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ 8: Block àti primary

Ẹ fi mílíìkì 5% nínú TBST (omi iyọ̀ tá a fi ń fọ membrane) tó ní Tween-20 0.1% bo ibi tó ṣófo lórí membrane, wákàtí kan. Mílíìkì tí wọ́n ti yọ ọ̀rá ẹ̀ ni o, kì í ṣe full cream tí à ń bù sí tíì, ọ̀rá ẹ̀ á jẹ́ kí membrane dọ̀tí. Tó bá jẹ́ PKM2 tó ní phosphate lórí tyrosine 105 lẹ ń wá, ẹ fi BSA (púrótéènì inú ẹ̀jẹ̀ màlúù) rọ́pò mílíìkì, torí casein inú mílíìkì fúnra ẹ̀ ní phosphate lára.

Primary, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1:1000 nínú BSA 5% tàbí ohun tí datasheet bá sọ, ẹ jẹ́ kó máa mì jẹ́jẹ́ ní 4°C mọ́jú. Ẹni tí iná ò ní jẹ́ kó sùn lè fi í sí ojú ilé lásán fún wákàtí 2, fún púrótéènì tó pọ̀ bíi PKM2 ó máa ń tó. Ohun tẹ́ ẹ bá ti yàn ni kẹ́ ẹ dúró lé, ẹ má ṣe mọ́jú lónìí kẹ́ ẹ tún ṣe wákàtí 2 lọ́la kẹ́ ẹ wá fi wọ́n wéra.

Ẹ lè tún primary tẹ́ ẹ ti pò lò, tẹ́ ẹ bá fi sodium azide 0.02% sí i tó sì wà ní 4°C. Àmọ́ májèlé ni azide, ẹ má dà á sínú sink. Ẹ má sì jẹ́ kó dé inú secondary láé, torí ó ń pa HRP, ẹ́ńsáìmù ara secondary tó ń jẹ́ kí báńdì hàn.

Ìgbésẹ̀ 9: Secondary àti ECL

Ẹ fi TBST fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìṣẹ́jú 5 sí 10 lẹ́ẹ̀kan. Anti-rabbit HRP 1:5000 nínú mílíìkì, wákàtí kan. Ẹ tún fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kẹ́ ẹ má fi fífọ̀ ṣeré. Ẹ da ECL (omi tí HRP máa ń mú kó tàn) lé e kó kárí, ẹ fa èyí tó kù kúrò.

ECL tí kò lágbára jù ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ ya fótò ìṣẹ́jú àáyá 5, 15, 30, 60, kẹ́ ẹ tọ́jú gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí báńdì tí àárín ẹ̀ funfun tí etí ẹ̀ wá dúdú, HRP pọ̀ débi pé ó ti jẹ ECL tán lójú ibẹ̀, ìyẹn ò túmọ̀ sí pé PKM2 ò sí. Ẹ dín púrótéènì kù, tàbí kẹ́ ẹ sọ secondary di 1:10,000, ẹ má lọ tún un ṣe lórí fótò.

Ìgbésẹ̀ 10: Loading control

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi GAPDH sílẹ̀. Ẹ́ńsáìmù glycolysis ni GAPDH fúnra ẹ̀. Tí oxygen bá dínkù, HIF-1 (púrótéènì tó ń ta àwọn jínì kan jí nírú àkókò yẹn) á gbé PKM2 sókè, á sì gbé GAPDH náà sókè, tẹ́ ẹ bá wá fi ìkan pín ìkejì, gbogbo ìyàtọ̀ tẹ́ ẹ ń wá á pòórá. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ metabolism tó sì ń lo GAPDH ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ nu èsì ẹ̀ nù ni. Tubulin náà ò rọrùn, bíi 50 sí 55 kDa ló wà, ó ti fara kan PKM2 jù. Actin tó wà ní 42 ṣeé lò. Vinculin ló wù mí jù, bíi 120 kDa ni, ẹ lè gé membrane níbi 80 kí òkè jẹ́ ti vinculin, kí ìsàlẹ̀ jẹ́ ti PKM2, lọ́jọ́ kan náà láìsí pé ẹ ń strip ohunkóhun (fọ áńtíbọ́dì àkọ́kọ́ kúrò). Kẹ́ ẹ sì fi Ponceau ṣe ẹlẹ́rìí kejì.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ka èsì

Ẹ kọ́kọ́ wo control. Tí HeLa ò bá ní báńdì, ẹ má ka ohunkóhun lórí blot yẹn. Tí ẹran itan bá ní báńdì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti HeLa, áńtíbọ́dì yín ń mọ PKM1, a jẹ́ pé iye PKM lápapọ̀ lẹ ń wọ̀n, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ wá òmíràn. Tí báńdì kékeré bá ń yọ nísàlẹ̀ 58, ó ṣeé ṣe kí púrótéènì ti ń já, ẹ lọ wo protease inhibitor yín àti bí ẹran ṣe pẹ́ tó kó tó dé yìnyín.

Tí gbogbo membrane bá ṣú, ẹ dín secondary kù, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ pẹ́ sí i. Tí kò bá sí báńdì kankan, Ponceau á sọ bóyá transfer ló kú tàbí áńtíbọ́dì.

Fún wíwọ̀n báńdì, ImageJ tí NIH ṣe, ọ̀fẹ́ ni. TIFF ni kẹ́ ẹ fún un, kì í ṣe JPEG, kẹ́ ẹ sì mú fótò tí báńdì ò tíì kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ó kéré tán, ẹ ṣe é lórí sẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ gbìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kì í ṣe lysate kan tẹ́ ẹ run lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ẹ wá ṣọ́ra fún ohun tẹ́ ẹ máa sọ. PKM2 ò túmọ̀ sí jẹjẹrẹ, ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín tó dáa ní PKM2 tiwọn, torí náà ẹran ara tó dáa tó wá láti ibì kan náà ni kẹ́ ẹ fi tumour wé, ẹ má fi ẹran itan wé tumour ẹ̀dọ̀fóró kẹ́ ẹ wá sọ pé PKM2 ti pọ̀. Èkejì, iye PKM2 kọ́ ni iṣẹ́ PKM2. Tí PKM2 bá so pọ̀ ní mẹ́rin-mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ gan-an, tó bá pín sí méjì-méjì agbára ẹ̀ á rẹlẹ̀, SDS sì ti tú gbogbo wọn ká kí wọ́n tó dé orí jẹ́ẹ̀lì, kò sí báńdì tó lè sọ ìyẹn fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ ẹ̀ á ṣe assay tí wọ́n fi LDH (ẹ́ńsáìmù tó ń fi NADH sọ pyruvate di lactate) so mọ́ ọn, á máa wo bí NADH ṣe ń lọ sílẹ̀ ní 340 nm. Ẹni tó bá fẹ́ mọ mẹ́rin tàbí méjì á fi cross-linker so wọ́n pọ̀ kó tó fọ́ sẹ́ẹ̀lì, tàbí kó lo native gel, ìyẹn jẹ́ẹ̀lì tí kò ní SDS.

Tẹ́ ẹ bá ń kọ methods, ẹ kọ orúkọ clone, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, catalogue number, lot number, RRID (nọ́ńbà ìdánimọ̀ áńtíbọ́dì náà) tó bá ní, ìwọ̀n tẹ́ ẹ pò ó sí àti inú kí lẹ pò ó sí, wákàtí mélòó, ní 4°C àbí ojú ilé, µg tó wà nínú well kọ̀ọ̀kan, àti ibi tẹ́ ẹ ti gé membrane. Ẹ fi fótò odindi membrane tí ẹnikẹ́ni ò gé kún supplementary, àti ti ẹran itan lórí áńtíbọ́dì méjèèjì.